Ọgbà ẹ̀wọ̀n tuntun tí káńsù fẹ́ kọ́: ta ló máa bọ́ àwọn tí wọ́n bá kó síbẹ̀?

Àbúrò wa obìnrin kan ló kọ̀wé sí mi láti ìlú kan lápá Ìgbómìnà, gúúsù Kwara níbí, ó ní kí n má dárúkọ ìlú náà. Mo gé lẹ́tà ẹ̀ kúrú díẹ̀, ohun tó kọ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọ ọdún 34 ni mí, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kan ti ń fa wàhálà ní káńsù wa. Àwọn káńsẹ́lọ̀ kan ní kí lókà gọ́fúmẹ́ǹtì gba ilẹ̀ lọ́nà oko, kí wọ́n yọ owó nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tuntun, torí àwọn ọmọ wa tí ọlọ́pàá bá mú, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń kó wọn lọ, ibẹ̀ sì ti kún. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ máa ríṣẹ́. Àwọn àgbà ní àwọn ò fẹ́ ẹlẹ́wọ̀n nítòsí ilé àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní lókà ló ń kọ́ ọ níbi tóun ń gbé, kí ló dé tí tiwa ò lè kọ́ ọ, ṣebí Supreme Court ti ní kówó lókà máa wọlé tààrà. Wọ́n ti ní kí ẹgbẹ́ wa kọ lẹ́tà pé a fara mọ́ ọn. Ṣé ká kọ ọ́?"

Àbúrò mi, mo kí ìwọ àti gbogbo ará ìlú yín. Ọdún 31 ni mo fi ṣe wọ́dà, Prisons Service ni wọ́n ń pè é nígbà tí mo wọlé, ó ti di Correctional kí n tó fẹ̀yìn tì, ìpínlẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ṣiṣẹ́, Ìlọrin ni mo sì jókòó sí báyìí. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì tíì rí ìwé tí wọ́n gbé síwájú káńsù yín, ohun tó o kọ sí mi nìkan ni mo dì mú. Àmọ́ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n, mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ yàrá ìyá ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà ẹ ni pé orí ilé ni gbogbo yín ti ń jà, ibo la máa kọ́ ọ sí, ta ló máa ríṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n má gbé e sún mọ́ wa, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bèèrè pé kí ló dé tí èyí tó wà nílẹ̀ fi kún, àti pé tí wọ́n bá fi ìlù ṣí i tán, tí gómìnà àti ọba ti lọlé, ta ló máa gbé oúnjẹ wọ ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ká kọ́kọ́ mú ti òfin kúrò lọ́nà. Tẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n, ìpínlẹ̀ pàápàá ò lè dá a kọ́, ká má tíì sọ lókà. Oṣù kẹta 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe kan nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n kúrò nínú ohun tó jẹ́ ti Àbújá nìkan, wọ́n kó o sábẹ́ èyí tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ lè ṣòfin lé lórí. Torí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé Kwara ò lè ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tiẹ̀ láé, òfin àná ló ń kà. Àmọ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n dárúkọ o, wọn ò dárúkọ lókà. Iṣẹ́ lókà wà lákọsílẹ̀ lẹ́yìn ìwé òfin 1999 náà, ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, ilé ìpẹran, ọ̀nà àdúgbò, pàǹtírí, orúkọ òpópónà, kí wọ́n sì dá sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera, kò sí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ìwé yẹn fi àyè kékeré kan sílẹ̀, pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ lè gbé iṣẹ́ mìíràn lé lókà lọ́wọ́. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé àfi kí àwọn aṣòfin ní Ìlọrin kọ́kọ́ jókòó ṣòfin ẹ̀wọ̀n fún Kwara, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin náà pé káńsù náà lọ́wọ́ sí i, kó tó di pé káńsẹ́lọ̀ yín kan máa yọ kọ́bọ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ti Supreme Court tẹ́ ẹ ń sọ, ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 ni ìdájọ́ yẹn, ó dáa, inú mi dùn sí i gan, àmọ́ ọ̀nà tí owó máa gbà dé ọwọ́ lókà ló sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ wọn. Tí bàbá bá fún ọmọ ní owó tiẹ̀ lọ́wọ́, kò tíì sọ pé kọ́mọ lọ ra ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Ti ẹ̀gbọ́n ẹ ní Amẹ́ríkà, òótọ́ ló sọ, kò parọ́. Lọ́hùn-ún, county, tá a lè fi wé lókà tiwa, ló ń ní jail tiẹ̀, ṣẹ́ríìfù tí wọ́n dìbò yàn ló sì máa ń darí ẹ̀ níbi tó pọ̀. Àmọ́ jail yàtọ̀ sí prison lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó ń retí ìdájọ́ àti ẹni tí ẹ̀wọ̀n ẹ̀ ò ju bí ọdún kan lọ ló ń wà ní jail county, àwọn tó ṣẹ̀wọ̀n gígùn, ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba àpapọ̀ ló ni wọ́n. Tí wọ́n bá sì fẹ́ kọ́ tuntun, ìlú á jókòó jà á dáadáa, wọ́n á yá owó tí wọ́n máa fi owó orí san fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi púpọ̀ ẹ̀wẹ̀ ará ìlú ló máa dìbò bóyá kí wọ́n yá a tàbí kí wọ́n má yá a. Káńsù tiwa ò ní irú owó orí bẹ́ẹ̀, orí ohun tó bá ti Àbújá wá ló ń gbé. Àwọn tó lówó gan-an, ọ̀rọ̀ náà ń le mọ́ wọn lọ́wọ́. New York, ní 2019 ni ìgbìmọ̀ ìlú wọn fọwọ́ sí i pé káwọn ti Rikers Island pa, ìyẹn jail ńlá wọn tó wà lórí erékùṣù, káwọn kọ́ kékeré mẹ́rin sáàárín ìlú, owó tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e ju bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là lọ díẹ̀, ó ti ju bílíọ̀nù 15 lọ báyìí. Ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ ò sì sọ fún ẹ ni pé nínú jail àwọn county yẹn náà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀, kóòtù ò tíì dá wọn lẹ́bi.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù nìyẹn. Ní Nàìjíríà níbí, ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ pé bíi méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ni wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, àwọn tí àwa wọ́dà ń pè ní awaiting. Ká sọ pé igba èèyàn lo rí nínú ọgbà kan, bí 130 nínú wọn, kò sẹ́ni tó tíì sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Ilé ò kéré jù, ẹjọ́ ni kò rìn. Tẹ́ ẹ bá kọ́ ilé míì láìjẹ́ pé ẹjọ́ rìn, ẹ kàn gbé àwo ńlá sábẹ́ òrùlé tó ń jò ni, á kún. Mo ti rí i lójú ara mi, wọ́n kọ́ bílọ́ọ̀kì tuntun sí ọgbà kan tí mo wà, wọ́n ní kó lè dín èrò kù, kò tó ọdún méjì tí àwọn tó wà nínú ẹ̀ ti ń sùn ní ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, torí àtọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti àtọ̀dọ̀ kóòtù, kété tí wọ́n gbọ́ pé àyè wà ni wọ́n ń kó èèyàn wá.

Jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin kan, mi ò ní dárúkọ ọgbà náà, mi ò ní dárúkọ ìlú. Ewúrẹ́ méjì ni wọ́n ló jí. Kóòtù ní kí wọ́n gba béèlì ẹ̀, àmọ́ wọ́n ní onídùúró gbọ́dọ̀ ní ilé nínú ìlú yẹn, ìyá ẹ̀ ò sì mọ ẹnikẹ́ni tó nílé níbẹ̀, ara oko ni wọ́n. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ìyá yìí ń wá. Gàrí nínú nylọ́ọ̀nù dúdú, mọ́sà nínú ewé, ọṣẹ kan. Iṣẹ́ wa ni láti yẹ gbogbo ẹ̀ wò, mo máa ń ti ọwọ́ bọ gàrí yẹn dé ìsàlẹ̀, mo máa fi ọ̀bẹ la ọṣẹ sí méjì bóyá wọ́n fi nǹkan pamọ́ sínú ẹ̀, tí mo bá la ọṣẹ tán obìnrin yìí á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, á fi ọwọ́ ara ẹ̀ lẹ ọṣẹ náà pọ̀ padà kó tó gbé e kalẹ̀ fún ọmọ ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pe ẹjọ́ ẹ̀, mọ́tò ò ní dísẹ́ẹ̀lì. Ìgbà kejì, ọlọ́pàá tó ń tọpinpin ẹjọ́ náà ò wá, wọ́n ti gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ míì. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gbé májísíréètì náà lọ, ẹjọ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi pé àná ni wọ́n mú un. Oṣù 14 ló lò lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ wá jọ ẹjọ́, májísíréètì tuntun wo fáìlì fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní kó máa lọ sílé. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ṣì ń rò ó títí dòní, ọgbà tuntun wo là bá kọ́ tí kò ní jẹ́ kó lo oṣù 14 yẹn? Sẹ́ẹ̀lì tó mọ́ díẹ̀ là bá fún un, ibẹ̀ náà ló sì máa jókòó sí.

Tó bá jẹ́ ẹ̀sùn ńlá, ìdigunjalè tàbí ìpànìyàn, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ ọ, ó kàn máa ní kí wọ́n tì í mọ́lé kí fáìlì lọ sọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fún ìmọ̀ràn, fáìlì yẹn sì lè jókòó síbẹ̀ títí irun ọmọ á fi funfun. Ìwé òfin wa sọ̀rọ̀ o. Wákàtí 24 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi gbé èèyàn dé kóòtù tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, wákàtí 48 tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ẹni tí kì í bá ṣe ẹ̀sùn ikú ni wọ́n fi kàn án, tí oṣù méjì bá kọjá tó ṣì wà látìmọ́lé tí wọn ò gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tú u sílẹ̀, yálà lófìífo tàbí pẹ̀lú béèlì. Òfin Correctional ti 2019 wá fi tiẹ̀ kún un, ó ní tí ọgbà bá ti kún ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀gá wa ní ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó Adájọ́ Àgbà àtàwọn tọ́rọ̀ kàn létí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀gá náà àti olórí ọgbà sì jọ láṣẹ láti sọ pé àwọn ò gba ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́dà mélòó ló lè wo ojú ọlọ́pàá àti kóòtù kó ní òun ò gbà? Mi ò rò pé mo lè kà wọ́n dé márùn-ún.

Ó dáa, ká ní ẹ ṣì fẹ́ kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò oúnjẹ nìkan. Ní 2024 ni ìjọba àpapọ̀ gbé owó oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan láti ₦750 lóòjọ́ sí ₦1,125. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ nìyẹn o, ẹ̀yin náà ẹ mọ iye tí kóńgò ìrẹsì kan ń lọ. Tí ọgbà yín bá gba 300 èèyàn, ₦1,125 lójoojúmọ́ fún ọdún kan á jẹ́ ₦123,187,500. Mi ò tíì ka owó oṣù wọ́dà, dísẹ́ẹ̀lì, oògùn, mọ́tò tó ń gbé wọn lọ sí kóòtù, aṣọ, omi, gbígbọ́n sákìwéè, torí sákìwéè tí 300 èèyàn ń lò kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá. Gbogbo ọdún ni owó yìí á máa jáde, alága kan á lọ, òmíràn á dé, ẹlẹ́wọ̀n ò ní sọ pé torí alága tuntun ò fẹ́ràn ètò náà kóun má jẹun. Mo ti wà níbi tí agbaṣẹ́ṣe oúnjẹ ti dáwọ́ dúró torí wọn ò sanwó fún un, ọjọ́ kẹta, gbogbo ọgbà ń hó bí omi gbígbóná, àwa wọ́dà ló ń tọrọ gàrí lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n jà lọ. Ẹ bi àwọn káńsẹ́lọ̀ yín, owó kíkọ́ ni wọ́n yọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì àbí owó bíbọ́? Tó bá jẹ́ pé kíkọ́ nìkan ni, ìdajì ìdajì ètò ni wọ́n gbé wá.

Iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ máa rí, ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lójú jù. Tó bá jẹ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ fún nílẹ̀ pé kó wá kọ́ ọ, bọ́ọ̀dù kan ní Àbújá ló ń gba àwa wọ́dà síṣẹ́, òun náà ló ń gba Immigration, Civil Defence àti panápaná, ìpínlẹ̀ gbogbo ni wọ́n sì ń pín in kárí, ọmọ yín lè wọlé kí wọ́n gbé e lọ sí Ṣókótó, kí ọmọ Benue máa ṣọ́ ọgbà tó wà nílùú yín. Ohun tí ìlú máa rí ni iṣẹ́ bíríkìlà nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́, àwọn ìyá tó máa ta oúnjẹ lẹ́nu géètì, ẹni tó máa yá ilé fún wọ́dà. Kò burú, kì í ṣe ohun tá à ń fojú kéré, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ fún yín nìyẹn.

Àwọn àgbà tó ní àwọn ò fẹ́ ẹlẹ́wọ̀n nítòsí, ẹ má kàn pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Ìbẹ̀rù wọn nídìí. Ní oṣù kẹrin 2024, òjò wó ògiri ọgbà Suleja, èèyàn tó ju 100 sá jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn náà, omíyalé fọ́ ògiri ti Maiduguri, wọ́n tún sá. Kuje ní 2022, ìbọn ni wọ́n gbé wá bá wọn níbẹ̀, àwọn tó sá ju 800 lọ. Ẹ wo ìyẹn dáadáa, méjì nínú mẹ́ta yẹn, òjò àti ògiri ni, torí náà ibi tí omi ń gbà nílẹ̀ yín, irú ilẹ̀ tó jẹ́, ó ṣe pàtàkì ju bó ṣe jìn sílé Baálẹ̀ lọ. Èyí tó kù, pé kí wọ́n wá fi ìbọn já ẹlẹ́wọ̀n gbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé apá Ìfẹ́lódùn àti Èkìtì Kwara lónìí mọ ohun tí ojú yín ń rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé, èmi ò ní fi sẹ́nu sọ pé kò kàn yín. Gbígbé ọgbà lọ sínú igbó kó lè jìn sáwọn èèyàn, nílẹ̀ wa nísinsìnyí, ewu ni. Ó tún máa sọ ìyá tó fẹ́ lọ wo ọmọ ẹ̀ di ẹni tó ń gun ọ̀kadà gba inú igbó kọjá. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ fi í sí ọ̀nà oko nítorí ojútì, ẹ má gbà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà nìyẹn, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ilẹ̀ tí kò sí láàárín ìlú ńlá, Òfin Ilẹ̀ 1978 gba lókà láyè láti lò ó fún ohun tí gbogbo ará ìlú ń jàǹfààní ẹ̀, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó ohun tí olóko ti gbìn síbẹ̀. Ẹni tó ní kájú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nílẹ̀, kí wọ́n ka igi kájú ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan níṣojú ẹ̀ kó tó fọwọ́ síwèé.

Ohun míì wà tí mo fẹ́ sọ fáwọn àgbà yín, àwọn tó ti lé ní 75 nínú wọn á rántí. Apá ibí yìí, kó tó di ohun tó wà lónìí, ẹ̀wọ̀n Native Authority wà, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà yẹn, N.A. ló ní dóńgárì tó jẹ́ ọlọ́pàá wọn, òun ló ní kóòtù, òun náà ló ní ẹ̀wọ̀n. Nígbà òṣèlú àkọ́kọ́, ẹni tó bá ṣe ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tàwọn tó wà nípò, wọ́n lè mú un láàárọ̀ kó sì sùn sẹ́wọ̀n lálẹ́, ẹnì kan náà ló mú un tó dá a lẹ́jọ́ tó sì tì í mọ́lé. Ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn ológun fi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀wọ̀n N.A. jọ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn 1966 nìyẹn, nígbà tó fi máa di 1972 gbogbo ẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ wọn. Mi ò sọ pé alága yín lónìí máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ alága kì í jẹ ẹ́ títí, ilé tẹ́ ẹ bá kọ́ ló máa wà níbẹ̀ de ẹni tẹ́ ẹ ò tíì mọ̀.

Ṣé ọgbà tuntun ò wúlò rárá ni? Ó wúlò. Nínú Kwara yìí, Òkè-Kúrá àti Mandala wà ní Ìlọrin, ọ̀kan wà ní Òmù-Àrán, ọ̀kan wà ní Láfíàgì. Ẹni tí ẹjọ́ ẹ̀ wà lápá kan gúúsù tí wọ́n tì mọ́ Ìlọrin, ọjọ́ kóòtù, wọ́n ní láti gbé e gba Àjàṣẹ́-Ìpo, tí mọ́tò bá bàjẹ́ lọ́nà, ẹjọ́ tún di oṣù tó ń bọ̀. Kéèyàn wà nítòsí kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ àti nítòsí ẹbí ẹ̀, kì í ṣe ohun kékeré. Ọ̀pọ̀ ilé tá à ń lò náà ti gbó. Tó bá jẹ́ ìjọba Kwara ló ṣòfin, tó gbà láti máa bọ́ wọn, tó gbà láti máa san wọ́dà, tí lókà wá ní òun á fún wọn nílẹ̀, òun á la ọ̀nà, òun á gbẹ́ bọ́hóòlù méjì, èmi á dìde kí wọn. Èyí tí mi ò lè dìde kí ni pé kí káńsù kan dá a dáwọ́ lé.

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni owó yín wà, mo máa fi díẹ̀ níbẹ̀ ra mọ́tò tó dáa àti dísẹ́ẹ̀lì ọdún kan, kí wọ́n lè máa gbé àwọn ọmọ yín dé kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Mo máa san lọ́yà kan tàbí méjì láti máa tẹ̀lé fáìlì àwọn awaiting tó ti lókà yín wá. Mo máa wo àwọn tó ń ṣẹ̀wọ̀n torí fáìnì tí wọn ò rí san, torí ní oṣù kọkànlá 2023, ìjọba àpapọ̀ tú irú wọn 4,068 sílẹ̀, àwọn ẹlẹ́yinjú àánú ló dá owó náà, ₦585 mílíọ̀nù, tó o bá pín in kò pé ₦144,000 lórí ẹnì kan. Fi wé ₦1,125 lóòjọ́, ìyẹn lé ní ₦410,000 lọ́dún, táà ń ná láti fi ẹnì kan náà pa mọ́. Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù, òfin 2019 yẹn ní apá tí kì í ṣe ti àhámọ́, pé kí kóòtù ní kéèyàn lọ ṣiṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n. Níbo ló ti máa ṣiṣẹ́ ìlú ọ̀hún? Gọ́tà ọjà, itẹ́ òkú, ilé ìpẹran, gáréèjì. Gbogbo ẹ̀ pátá, lókà ló ni wọ́n! Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa dúró tì wọ́n, tó máa fọwọ́ síwèé pé ó wá lónìí tàbí kò wá, ṣọ́bìrì, bàrò, bàtà òjò. Kóòtù ò lè ran ẹnikẹ́ni lọ sí ibi tí kò sẹ́ni tó máa gbà á. Káńsù lè ṣe èyí láìsí pé wọ́n tún ìwé òfin kankan ṣe, àbúrò mi, owó ẹ̀ ò tó owó géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò lè gba gbogbo èèyàn, ẹni tó gbé ìbọn kì í ṣe ẹni tá à ń ní kó lọ gbá ọjà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé àhámọ́ ló yẹ wọ́n, mo ti bá wọn gbé, mo mọ̀ wọ́n. Àmọ́ ọmọkùnrin tí wọ́n ló jí ewúrẹ́ méjì yẹn kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ní ti lẹ́tà, ẹ kọ ọ́, àmọ́ ẹ má kọ èyí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ. Ẹ kọ ọ́ sí káńsù pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún yín, ọmọ lókà yín mélòó ló wà ní Òkè-Kúrá, ní Mandala àti ní Òmù-Àrán lónìí, mélòó nínú wọn ni ẹjọ́ ẹ̀ ò tíì parí, ọjọ́ wo ni wọ́n mú ẹnì kọ̀ọ̀kan, kóòtù wo ni ẹjọ́ ẹ̀ wà. Ilé iṣẹ́ wa ní Ìlọrin ní ìwé yìí lọ́wọ́, ojoojúmọ́ la máa ń kà wọ́n, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Kí alága fi lẹ́tà káńsù bèèrè, kí lọ́yà kan tẹ̀lé wọn. Ẹ wá so nǹkan méjì mọ́ ọn, ta ló máa máa san owó oúnjẹ lẹ́yìn ọdún kìíní, àti òfin wo ní Ilé Aṣòfin Kwara ló gbé iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Tí ìwé náà bá jáde, tẹ́ ẹ rí orúkọ àwọn tó ti ju oṣù méjì lọ tí ẹ̀sùn wọn ò tó nǹkan, fi ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n máa gbà wọ̀, ara mi sì ṣì le, mo máa bá yín dé ibẹ̀.